Rọ́bà Yẹ́lò àti Ọwọ́ Bàbá Tẹjúmọ́lá

Ìfẹ́ kì í béèrè bóyá ibi tó fẹ́ wọ̀ sí bójú mu. Ibi tí ọkùnrin ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tó ń rojú, tó ń làágùn, ibẹ̀ ni Tẹjúmọ́lá Ọlábímtán ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ẹni tó bá ní ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í níbi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àpápá ni Tẹjúmọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Eré ìdárayá ni wọ́n fi ń tọ́jú iṣan àti oríkèé níbẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àga, àti àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ tó gùn bí ọ̀já, tó fi kọ́ ara ògiri. Yẹ́lò ló rọ̀ jù nínú wọn. Pupa ló tẹ̀lé e, aláwọ̀ ewé tẹ̀lé pupa, lẹ́yìn náà ni búlúù àti dúdú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá fà, yẹ́lò ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan pupa títí yóò fi lè fa yẹ́lò láìrojú.

Tari wà lára àwọn tó máa ń gun orí ọkọ̀ ojú omi lọ fi irin de kọntéńà mọ́lẹ̀ kó má baà yí dànù sínú òkun. Irin ọ̀hún ló yọ̀ lọ́jọ́ kan tó fà á léjìká ọ̀tún, ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Tẹjúmọ́lá. Bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹ̀yà Ìjọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ Yorùbá tó ń sọ, àbùlà ni.

"Ẹ fún mi ní dúdú yẹn," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Yẹ́lò yìí, abeg, na for pikin."

"Ẹ fà á ká wò," ni Tẹjúmọ́lá dáhùn.

Tari fà á. Kò tíì fà á dé àyà tí ojú rẹ̀ fi yí padà, tí òógùn sì bò ó.

"Ọmọdé yẹn ńkọ́?" Tẹjúmọ́lá ń rọ́jú kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi ni ọmọdé náà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹjúmọ́lá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so rọ́bà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń fà á wá sí ìhà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń mí jáde, àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà láìjẹ́ kó já gbà mọ́ni lọ́wọ́. Ó ní ìrora tó bá ń rọra fani, kó fara dà á. Èyí tó bá ń gúnni, kó dúró. Nígbà tí Tari fi dé orí rọ́bà aláwọ̀ ewé, ó ti ń sùn lórí èjìká náà láìjí. Tẹjúmọ́lá sọ fún un pé kò ní nílò láti máa wá mọ́.

"Orúnkún mi náà ń dùn mí," ni Tari wí lójú ẹsẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ sọ pé kí n má wá mọ́."

Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ" láàárín wọn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi, alàgbà ni nínú ìjọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ìwà ọmọlúàbí. Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Àyà yóò kanlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló sì ń gbé ara sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gbé e dìde. Èjìká Tari lè gbé síbí dé ẹnu, ó lè wọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n kò tíì lè gbé odindi ènìyàn.

"Jẹ́ kí n ti sọ fún Dádì ṣáájú," ni Tẹjúmọ́lá ń bẹ̀ ẹ́.

"Má sọ ọ́. Tó o bá sọ ọ́, kí ni wọ́n máa rí? Ọmọ Ajégúnlẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, ó tún jẹ́ alápá kan. Wọ́n á ní báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ ọmọ àwọn. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí ná, Tẹ́jú. Wọ́n á mọ̀ tó bá yá."

Kò tẹ́ Tẹjúmọ́lá lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹni tó ń fẹ́ràn ènìyàn máa ń gba ọ̀pọ̀ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí Tari dé ilé wọn, ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Bàbá wò ó. Ó ń retí ìyókù, ìyókù kò sì wá.

"Ṣé ilẹ̀ ilé mi dọ̀tí ni?" ni bàbá béèrè.

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé tí àyà rẹ ò lè kàn án?"

Tari wo Tẹjúmọ́lá, ó mi orí díẹ̀ pé kó má sọ ọ́.

"Dádì, èjìká..." Tẹjúmọ́lá bẹ̀rẹ̀.

"Tẹ́jú!" ni Tari fi dá a lẹ́kun.

Igbe yẹn ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Ó pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé bàbá rẹ̀! Bàbá dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. "Bí wọn ò bá kọ́ ọ nílé, n kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo kọ́ ò ní bá ẹni tí wọn ò kọ́ lọ. Ọwọ́ mi yìí ò ní kan orí rẹ láéláé."

Ní ìta, láàárín àwọn tírélà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, Tẹjúmọ́lá bú sẹ́kún. "Ìgbéraga lo fẹ́ kí wọ́n pè é ju àìlera lọ?"

"Wọ́n lè dárí ji agbéraga," ni Tari wí. "Ta ló ń dárí ji aláìlera?"

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà rù ni Àǹtí Obiageli, ọ̀rẹ́ ìyá Tẹjúmọ́lá, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bọ́ùńdárì, ní Ajégúnlẹ̀. Láti ìgbà tí Tari ti ń rákòrò ló ti mọ̀ ọ́n. Ó lọ bẹ bàbá, bàbá ní òun ò gbọ́. Ó tún padà lọ, bàbá bọ́ sí yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Obiageli bọ́ sọ́dọ̀ Tari, ó sì bá a wí dáadáa.

"You dey craze? Ojú ń tì ẹ́ nítorí èjìká! Ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún, ìwọ ń pa èjìká mọ́ bí ẹni pé o jí i gbé. Jẹ́ kí n sọ fún Bàbá Tẹ́jú."

Tari fọwọ́ òsì di èjìká náà mú. "Ẹ sọ fún wọn, Àǹtí."

Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni Obiageli yóò lọ sọ fún bàbá. Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá wọ balùwẹ̀, wọ́n sì bá a nílẹ̀ níbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún wúwo, ẹnu sì wọ́.

Gbogbo Yorùbá tí bàbá gbọ́, gbogbo òyìnbó tó fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu. "Rárá" ni. Wọ́n á ní, "Ẹ mu omi," á ní "rárá," á sì lanu gba omi. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" á ní "rárá," á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Tẹjúmọ́lá ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń tọ́jú, ó mọ̀ pé bàbá òun kò mọ èyí tó ń bọ́ lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kò dí ẹkún lọ́wọ́. Bàbá tó máa ń fi àdúrà jí gbogbo ilé láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá, Bàbá Adétòkunbọ̀, wá láti Abẹ́òkúta. Òun ni àgbà ìdílé, Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Bí bàbá ọmọ ò bá lè sọ̀rọ̀, òun ni yóò fa ọmọ fọ́kọ. Ìyá Tẹjúmọ́lá fi ọ̀rọ̀ Tari lọ̀ ọ́. Bàbá Àgbà kò ṣe méjì, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò mi, ọmọkùnrin Ajégúnlẹ̀ yẹn, ṣé o ti gbà kó fẹ́ Tẹjúmọ́lá?"

"Rárá," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà gbọ́."

"Bàbá Àgbà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí," ni Tẹjúmọ́lá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n wọn."

Ó bi í. Bàbá ní, "Rárá." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn, inú sì bí Bàbá Àgbà.

"Ó dáa. Ẹ fi ti ìsinsìnyí sílẹ̀. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ pé, kí ló sọ? Ó ní ọwọ́ òun ò ní kan orí ọmọkùnrin yẹn láéláé. Èmi ò ní tẹ ọ̀rọ̀ àbúrò mi mọ́lẹ̀ nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn bá fúnra rẹ̀ kan orí ọmọkùnrin náà níṣojú mi, ọ̀rọ̀ tán."

Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó ń sùn lórí itan bàbá, tí wọ́n ń bá a gbé bí ẹrù. Àwọn kan gba Tẹjúmọ́lá nímọ̀ràn pé kó lọ sí kóòtù lọ ṣègbéyàwó tirẹ̀. Kò fẹ́. Kò fẹ́ kó jẹ́ pé "láéláé" ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí bàbá òun sọ lórí ọkọ òun.

Ó mú rọ́bà yẹ́lò wá sílé kí bàbá lè fi tọ́jú apá, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ti gbé e dé, yóò yíjú sí ògiri. Ọmọ tí òun kọ́ ní ìrìn, kò fẹ́ kó máa kọ́ òun ní gbígbé ọwọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, ó sú u, ó sì ránṣẹ́ pe Obiageli. Obiageli wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tari sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Tari bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níwájú bàbá. Èjìká ọ̀tún ti rù, ó kéré sí tòsì, àpá sì wà lára rẹ̀. Ó mú rọ́bà yẹ́lò, ó so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó fà á, ó sì dá a padà.

"Sà, èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn mi ò lè fà á dé àyà. Ọjọ́ tí mo wá síbí, mi ò tíì lè gbé ara mi sọ̀ kalẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́." Ó wo ilẹ̀ pálọ̀. "Ilẹ̀ yín ò dọ̀tí, sà."

Bàbá wo èjìká náà. Ó wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ tó fi máa ń nu ojú ti kú.

"Rárá," ló wí jẹ́jẹ́. "Rárá, rárá."

Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ nínú ilé náà. Tari kúnlẹ̀ tì í, ó fi rọ́bà sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó bá a ká àwọn ìka rẹ̀ lé e lórí, bàbá kò sì yíjú sí ògiri mọ́.

Láti ọjọ́ náà, tí Tari bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní wáàfù, ilé wọn ló ń bọ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó ti ara wọn, àgbà pẹ̀lú yẹ́lò, ọ̀dọ́ pẹ̀lú búlúù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Tari ló ń fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé apá bàbá. Nígbà tó yá, àwọn ìka ń mira. Nígbà tó tún yá, ìgbọ̀nwọ́ ń ká fúnra rẹ̀. Ìrora ọrùn tí kì í jẹ́ kí bàbá sùn láti ìgbà tí apá ti kú náà rọlẹ̀. Tẹjúmọ́lá á jókòó sí ìkangun, á máa bá wọn wí.

"Dádì, ẹ rọra. Tari, má jà á gbà! Ta ló ní kó o fún wọn ní pupa?"

"Dádì ló na ọwọ́ sí i."

"Ṣé lóòótọ́ ni, Dádì?"

"Rárá," ni bàbá á wí, ẹ̀rín á sì wà lójú rẹ̀ bí ti ọmọdé tó jí ẹran jẹ.

N kò ní purọ́ fún yín, ìgbà tó dùn jù nínú ìfẹ́ wọn nìyẹn. Kì í ṣe òde ni wọ́n ń gbé ara wọn lọ, kì í ṣe etíkun. Nínú pálọ̀ tó ń rùn òróró ìpara ni wọ́n ti ń wo ara wọn lórí bàbá tó ń làágùn.

Nígbà tí ọwọ́ bàbá gòkè dé ìpele ẹnu rẹ̀, ìyá Tẹjúmọ́lá ní ó tó. Wọ́n pe Bàbá Àgbà. Ó wá, òun àti àwọn ìbátan díẹ̀, Obiageli náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé bàbá sí àga rẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Tari wọlé. Ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, apá ọ̀tún gbà, tòsì gbà, àyà kanlẹ̀ gbalaja. Tẹjúmọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mí sínú, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Gbogbo ilé hó.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àṣìṣe wọn. Gbígbé sókè nìkan ni wọ́n fi gbogbo oṣù wọ̀nyẹn kọ́ ọwọ́ náà. Àárín àga ni bàbá wà, orí Tari wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ sì dúró sófuurufú, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá tẹ̀ síwájú, á ṣubú. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kì í sì í dìde títí wọn yóò fi ní kó dìde; ẹni tó yẹ kó sọ ọ́, "rárá" nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kò kàn án," ni Bàbá Àgbà wí. Kò fi ìkà sọ ọ́, ohun tó rí ló sọ.

Ọwọ́ bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tari gbójú sókè, ó rí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó gbé àyà kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì nà gbọnrangandan lẹ́yìn, ó gbé orí rẹ̀ lọ bá ọwọ́ náà. Ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bàbá ń sọ̀ bọ̀, ó ń falẹ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, bàbá ń dá a padà. Èjìká Tari ń gbọ̀n. Tẹjúmọ́lá gbọ́ ohun kan níbẹ̀, kékeré, bí ìgbà tí aṣọ bá ya. Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Ó dìde láti pariwo, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Tari kò sọ̀ kalẹ̀.

Ọwọ́ náà balẹ̀ sórí rẹ̀.

"Rárá," ni bàbá wí. "Rárá, rárá, rárá." Ohùn àdúrà àárọ̀ rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń lọ sókè tó sì ń wálẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le.

"Àmín," ni ìyá Tẹjúmọ́lá wí.

"Àmín o, Jesus!" ni Obiageli ké.

Bàbá Àgbà ló kẹ́yìn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Àmín."

Tari kò dá dìde lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé e ni. Iṣan tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù tún ṣe já pátápátá. Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe, ó sì sọ fún un pé kó gbàgbé iṣẹ́ irin dídè. Ẹnu géètì ọgbà kọntéńà kan ló ń jókòó sí báyìí, ó ń wo ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Bí ẹnìkan bá bi í bóyá ó kábàámọ̀, kì í dá a lóhùn.

Bàbá kò rí ọjọ́ ìgbéyàwó. Nínú ọyẹ́, rọpárọsẹ̀ tún padà wá, kò sì fi í sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí jáde, Bàbá Àgbà wò yíká, ó ní, "Àna wa dà?" Tari jáde láàárín èrò, ó fi ọwọ́ òsì di igun pósí mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó. Tẹjúmọ́lá rí rọ́bà yẹ́lò lára ọwọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ níbi tí bàbá fi í sí. Òun ni Tari tún fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú èjìká rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì wá síwájú ìyá. Ó jókòó sórí àga bàbá. Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀. Tari bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀ kalẹ̀.

"Má dán an wò," ni ìyá wí. "O ti dọ̀bálẹ̀ tán nílé yìí."

Ó wá tẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀, bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e jáde. Ìyá gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ó lanu láti súre, ó bú sẹ́kún. Ó tún lanu, gbogbo àdúrà tó ti tò sílẹ̀ láti òru kọ̀, wọn ò jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ló jáde.

"Rárá," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Rárá, ọmọ mi. Rárá, rárá."

"Àmín, Mọ́mì," ni Tari wí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.